Ẹ Má Fọ́ Fóònù Ọmọ, Ẹ Kọ́ Ọ Bí A Ti Í Fi Kàwé

  

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ nílẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn tí ó ti tó àkókò kí a dá sí. A ń gbọ́ ọ nínú wáàsí, a ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tí wọ́n ń mú ọmọ wá sí ilé kéwú. Wọ́n ní fóònù ni Dàjáàlù ayé ìsinsìnyí. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá ti di fóònù mú ti ju Àlùkùránì nù. Àwọn kan tilẹ̀ ń dá a lábàá pé kí ilé kéwú máa gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kí wọ́n sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn yòókù.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Láti bí ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Òkèhò yìí, ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ, kí ẹni tí ó bá ní èsì mú èsì tirẹ̀ wá.

A kò ní pe dúdú ní funfun. Ohun tí àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ báyìí rí, àwa náà rí i. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà nínú fóònù. Àwòrán ìhòhò wà níbẹ̀. Ìwà jìbìtì tí àwọn ọmọ ń pè ní Yahoo, inú rẹ̀ ni ó ti ń wá. Hàdíìsì tí ẹnìkan jókòó sílé rẹ̀ hun náà wà níbẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lórí WhatsApp, tí yóò sì fi kún un pé ẹni tí kò bá tari rẹ̀ síwájú yóò rí ìbànújẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀bẹ tí a fi ń pa ẹran iléyá náà ni olè fi ń dá ènìyàn lọ́nà. A kò tìtorí èyí kó gbogbo ọ̀bẹ ilé dà sódò.

Àwọn mìíràn ní àwọn aáfà àná kò mọ fóònù, wàláà àti tàdáwà ni wọ́n lò, wọ́n sì di ọ̀mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Ànábì. Ní ogun Yamāmah, púpọ̀ nínú àwọn tí ó há Àlùkùránì sórí ni wọ́n pa. Sayyidinā Umar lọ bá Sayyidinā Abubakar pé kí ó jẹ́ kí a kó Àlùkùránì jọ sínú ìwé kan ṣoṣo. Abubakar kọ́kọ́ ṣe iyèméjì, nítorí pé Ànábì kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Umar kò dẹ̀yìn títí Ọlọ́hun fi ṣí àyà ọ̀gá rẹ̀ sí i. Wọ́n pe Zayd ọmọ Thābit, ó sì kó o jọ láti ara imọ̀ ọ̀pẹ, láti ara òkúta pẹlẹbẹ àti láti inú orí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó di ayé Sayyidinā Uthmān, wọ́n da ìwé náà kọ, wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá. Ọlọ́hun ni Ó ń ṣọ́ ìwé Rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò bẹ̀rù ohun tuntun ni Ó fi ṣọ́ ọ.

Ìgbà tí àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn wá bẹ̀rù ohun tuntun ńkọ́? Ìtàn sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1455 ni Gutenberg tẹ Bíbélì ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ilẹ̀ Turkey, tí ó jẹ́ olórí ilẹ̀ Mùsùlùmí nígbà náà, ọdún 1727 ni wọ́n tó fún Ibrahim Müteferrika láyè láti fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní lẹ́tà Lárúbáwá, wọ́n sì yọ ìwé ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, jáde ní ọdún 1729. Ó lé ní 270 ọdún tí a fi wà lẹ́yìn. Láàárín ìgbà náà, ta ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ Àlùkùránì lódindi ní Lárúbáwá? Àwọn oníṣòwò ìwé ní ìlú Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1537, tí àṣìṣe sì kún inú rẹ̀. Ibi tí a bá sá kúrò, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jíjìn ni. Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, àwọn míṣọ́nárì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí Abẹ́òkúta, Henry Townsend sì ń tẹ Ìwé Ìròhìn jáde níbẹ̀ láti ọdún 1859. Nígbà tí Àlùkùránì yóò kọ́kọ́ di Yorùbá lódindi nínú ìwé títẹ̀, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan, M. S. Cole, ni ó túmọ̀ rẹ̀, ní Èkó, ní ọdún 1906. Ìtumọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn aáfà wa ṣe, tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀, ọdún 1973 ni ó jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bákan náà ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn bàbá wa bẹ̀rù pé ọmọ yóò di Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán, nítorí a rí ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n sísá kọ́ ni ó yanjú rẹ̀. Ohun tí ó yanjú rẹ̀ ni pé ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, àti pé àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, wọ́n sì ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Wọn kò fọ́ wàláà Òyìnbó. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fi bismillahi kọ ọ́.

Ǹjẹ́ kí ni ó wà nínú fóònù yìí tí ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé lè rí jẹ? Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó wà nínú àpò, yóò sun àpò níná. Ẹ jẹ́ kí a tú díẹ̀ síta.

Èkínní, fún ọmọ ilé kéwú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé Lárúbáwá tí ó nípọn láti Òkèhò, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ni yóò wọkọ̀ lọ, ó sì lè dé ibẹ̀ kí owó ọwọ́ rẹ̀ má ká a. Ilé ìkàwé kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní al-Maktabah ash-Shāmilah. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Lárúbáwá ni ó wà nínú rẹ̀, láti orí tafsīr, hàdíìsì àti fiqhu dé orí nahawu àti ìtàn, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọmọ bá ti gbà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò nílò dátà mọ́ láti kà á. Bí ẹnìkan bá sì fi hàdíìsì kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ lọ wá a lórí sunnah.com, tàbí lórí Dorar, tí yóò sọ ìdájọ́ tí àwọn onímọ̀ hàdíìsì ṣe lórí rẹ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá. Irọ́ inú fóònù, inú fóònù náà ni egbòogi rẹ̀ wà. Ìtumọ̀ Àlùkùránì ní Yorùbá sì wà lórí quran.com fún ìyá tí kò gbọ́ Lárúbáwá tí ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ké.

Èkejì, fún ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn. Ọmọ Òkèhò mélòó ni ó lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, nígbà tí Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ètò ìṣàkóso tí àwọn Òyìnbó gbé lé wọn lórí? Wọ́n mọ̀ pé orí òkè ni ìlú wà tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn ìjà náà ni a sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí a wà lónìí, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kò yé wọn. Ọ̀mọ̀wé J. A. Àtàndá ti kọ ọ́ ní ọdún 1969 nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onítàn Nàìjíríà, ó sì wà lórí JSTOR, níbi tí ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti lè ka iye àpilẹ̀kọ kan lóṣooṣù láì san kọ́bọ̀. Ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ náà wà lórí Internet Archive, ilé ìkàwé tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996. Ọmọ tí ó ń fi dátà wo bí àwọn gbajúmọ̀ ti ń bú ara wọn, dátà kan náà ni yóò fi ka ìtàn ìlú baba rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, fún ẹni tí ó fẹ́ di òǹkọ̀wé. Wọ́n ń sọ pé fóònù ti ba Yorùbá kíkọ jẹ́, pé àwọn ọmọ kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Gboard tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù ní bọ́tìnnì Yorùbá nínú, pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹni tí kò bá tàn án ni kò rí i lò. Kọ́lá Túbọ̀sún sì dá YorubaName.com sílẹ̀ ní ọdún 2015, níbi tí ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá wà, tí ará ìlú sì lè fi orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, kí ó wá ti ìyá rẹ̀, kí ó sì bi bàbá àgbà léèrè bóyá òótọ́ ni. Ìwé àtìgbàdégbà Àtẹ́lẹwọ́, tí Rasaq Malik Gbọ́láhàn wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ń gbé ewì àti ìtàn àròsọ ní Yorùbá jáde lórí ayélujára. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ Mùsùlùmí kò mọ ohun gidi kan fi fóònù ṣe.

Ẹ̀kẹrin, fún ìgbádùn. Ẹ̀sìn wa kò ní kí ọmọ má rẹ́rìn-ín. African Storybook, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ South Africa, ní ìtàn kéékèèké pẹ̀lú àwòrán fún ọmọdé, ti Yorùbá sì wà nínú wọn. Project Gutenberg, tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971 ní Amẹ́ríkà, ti ní ìwé tí ó lé ní 70,000, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. LibriVox sì ń jẹ́ kí a fetí gbọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń yan gàrí lè máa gbọ́ ìtàn bí ó ti ń yan án, bí ó bá ṣáà ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan lè sọ pé dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Òtítọ́ ni. Nítorí èyí ni Kiwix fi wúlò: ó ń jẹ́ kí a gba Wikipedia lódindi sílẹ̀, kí a máa kà á láì sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì pín in láti fóònù kan sí òmíràn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní dátà lè bọ́ kíláàsì kan. Ilé kéwú tí ó ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kan lè ní ilé ìkàwé ju èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní lọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan egungun ni èyí: púpọ̀ ni a ó rí kà, díẹ̀ ni ti wa nínú rẹ̀. Wikipedia ní Gẹ̀ẹ́sì ní àpilẹ̀kọ tí ó lé ní 6,000,000. Ti Yorùbá lé ní 30,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ìlà mélòó kan lọ. Níbo ni ìtàn àwọn aáfà wa wà? Ta ni ó kọ́kọ́ pe ìrun ní Òkèhò? Ta ni ó gbé kéwú wá sí Ṣakí, sí Ìṣẹ́yìn, sí Ìgànná? Wákà tí àwọn ìyá wa ń ké níbi wọlímọ̀, ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀? Orí àwọn àgbà ni ó wà, àti inú àpò awọ tí ó so mọ́ ògiri, tí ikán ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Wikipedia kò sì gba “a gbọ́ lẹ́nu bàbá wa” nìkan. Ó fẹ́ ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí a ti tẹ̀ tí ó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí irú ìwé ìròyìn yìí fi ṣe pàtàkì. Ohun tí ọmọ bá bi àgbà, tí ó kọ, tí a tẹ̀ síbí, ni yóò di ẹ̀rí fún ohun tí yóò kọ síbẹ̀ lọ́la.

Ẹ rántí Johnson tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láì fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù tún un kọ, ọdún 1921 sì ni ó tó jáde. Bí kò bá sí ti àbúrò yìí, ìtàn baba wa ì bá ti ṣòfò. Lónìí, ọmọ tí ó ní fóònù lè ya àwòrán ìwé àfọwọ́kọ aáfà kan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, kí ó sì fi pamọ́ sí Internet Archive níbi tí ikán kò lè dé, bí àwọn tí ó ni ín bá ti yọ̀ǹda.

Àwọn Mùsùlùmí Timbuktu ti fi èyí hàn wá. Ní ọdún 2012, àwọn agbébọn tí ó pe ara wọn ní olùgbèjà ẹ̀sìn gba ìlú náà. Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ sínú àpótí, wọ́n fi ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sá lọ sí Bamako. Nígbà tí àwọn agbébọn náà ń sá lọ ní oṣù kìíní ọdún 2013, wọ́n dáná sun nínú àwọn ìwé tí ó kù ní ilé ìkàwé Ahmed Baba. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àwòrán yíyà ń tẹ̀ síwájú, nígbà tí ó sì di ọdún 2022, ojú ìwé tí ó lé ní 40,000 ti wà lórí Google fún gbogbo ayé láti wò. Ẹ bá wa dáhùn: nínú ẹni tí ó sun ìwé nítorí ẹ̀sìn àti ẹni tí ó gbé e sórí ayélujára, ta ni ó gbèjà ẹ̀sìn?

Kí àwọn ọ̀dọ́ má wá máa yọ̀ pé a ti gbè wọ́n. Ọ̀rọ̀ wà fún yín pẹ̀lú. Fóònù kì í ṣe aáfà. Ìwé inú Shāmilah kò lè tún kíké rẹ ṣe bí o bá ṣi í ké, kò sì lè wo ojú rẹ kí ó mọ̀ pé kò yé ọ. Orí ìjókòó níwájú olùkọ́ ni ìmọ̀ wa ti ń wá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ̀wẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́ ni ó jẹ́ halāl. Ẹni tí ó ya ìwé òǹkọ̀wé Yorùbá kan tí ó ṣì wà láyé, tí ó sọ ọ́ di PDF, tí ó sì ń pín in káàkiri, olè ni í ṣe, ìbáà fi bismillahi bẹ̀rẹ̀. Kódà Internet Archive pàápàá, àwọn ilé ìtẹ̀wé pè é lẹ́jọ́ lórí ìwé tí ó ń yá ènìyàn, ó jẹ̀bi ní ọdún 2023 àti ní ọdún 2024, ó sì yọ ìwé tí ó lé ní 500,000 kúrò nínú èyí tí a lè yá. Ìwé tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti pé, tàbí tí olówó rẹ̀ yọ̀ǹda, ni kí ẹ kà. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ rà á, kí òǹkọ̀wé lè jẹun.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí òbí dẹ́kun fífọ́ fóònù, kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó bi í pé: kí ni o kà lónìí? Ọmọ tí ó mọ̀ pé a óò bi òun, yóò wá èsì. Kí ilé kéwú kọ̀ọ̀kan ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí olùkọ́ yóò fi ọ̀nà ìwé inú fóònù han àwọn ọmọ, kí fóònù sì wà nínú àpò ní ìyókù àkókò kéwú. Kí ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò máa lọ bá àwọn àgbà ìlú, tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, tí yóò sì máa fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí kí àgbà tó wọlé lọ.

Ẹ̀yin aáfà wa tí ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ lọ́rùn, a kò bá yín jà. A mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ni ó ń mú yín sọ ohun tí ẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àti ọmọ tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yóò yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́, níbi tí ojú wa kò tó. Sūrah tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa, ìwé kíkà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dárúkọ gègé. Ẹ má jẹ́ kí gègé ayé yìí bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi tí ojú wa kò tó, kí Ó sì má jẹ́ kí ìtàn àwọn bàbá wa ṣègbé sí wa lọ́wọ́. Āmīn.